Bí a ṣe ń mu absinthe, àti ohun tó yẹ ká mọ̀ ká tó ṣí ìgò rẹ̀

Ohun méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gbọ́ nípa absinthe kí wọ́n tó fojú kan ìgò rẹ̀: wọ́n á ní ó máa ń mú kí èèyàn rí ohun tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á sì ní òfin kò gbà á láyè. Àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo fẹ́ tún ṣe, kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rẹ̀ sí í mutí, ṣùgbọ́n nítorí pé ẹni tó bá gbájú mọ́ ewu tí kò sí kì í tètè rí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ewu tó wà nínú absinthe kò fara sin rárá, wọ́n kọ ọ́ sára ìgò: ọ̀kan lára àwọn ọtí tó le jù lọ tí wọ́n ń tà fún mímu ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mu máa ń rọra kán omi tútù sí i kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu. Omi yẹn ló ń pẹ̀rọ̀ sí líle rẹ̀, omi kan náà ló sì ń mú adùn rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ omi yìí dání láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyókù kò ní ṣòro.

Ohun tó wà nínú ìgò

Ọtí líle tí wọ́n fi ewé àti irúgbìn pọn ni absinthe. Mẹ́ta ni òpó tó dúró lé: wormwood, ìyẹn ewéko kíkorò tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Artemisia absinthium, irúgbìn anise, àti irúgbìn fennel. Àwọn tó ń pọn ọ́n á rẹ gbogbo rẹ̀ sínú ọtí tó le, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á gba oru tó ń jáde lára rẹ̀, oru náà á sì tutù padà di ọtí tó mọ́ gaara bí omi. Ibi tí oru ti ń gòkè yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Èròjà tó mú kí ewé wormwood korò bí jogbo kì í bá oru gòkè, ìsàlẹ̀ ìkòkò ló ń jókòó sí, ṣùgbọ́n òórùn ewé náà àti òróró ara àwọn irúgbìn máa ń bá oru lọ. Ìdí nìyí tí absinthe gidi kì í fi í korò bí ewé tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá ra ewé wormwood gbígbẹ, tó rẹ ẹ́ sínú fódíkà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó sì ń pe ohun tó rí ní absinthe, ti tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun tó ṣe á korò débi pé kò ní ṣeé gbé mì, kò sì sí bó ṣe lè mọ ìwọ̀n ohun tó ti jáde lára ewé náà sínú ọtí.

Bí ọtí tó mọ́ gaara yìí bá lọ tààrà sínú ìgò, absinthe funfun nìyẹn. Bí wọ́n bá tún rẹ àwọn ewé mìíràn sínú rẹ̀, bíi hyssop, melissa àti oríṣi wormwood kékeré kan, àwọ̀ ara àwọn ewé wọ̀nyí á wọ inú ọtí náà, á sì di aláwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé tútù lásán ni, kò yàtọ̀ sí ti ewé èyíkéyìí tí a já lára igi, torí náà kì í tàn yanran, oòrùn sì máa ń pa á títí tí á fi dà bí ewé tó ti gbẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, á wúlò nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á.

Ní ti bó ṣe le tó, absinthe sábà máa ń wà láàárín ìdá 45 sí ìdá 74 nínú 100. Whisky tàbí fódíkà jẹ́ nǹkan bí ìdá 40, bíà sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 5. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: mílílítà 30 absinthe tó jẹ́ ìdá 68, èyí tí èèyàn lè gbé mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní alcohol tó lé díẹ̀ ní mílílítà 20 nínú. Odindi ìgò bíà mílílítà 330 tó jẹ́ ìdá 5 kò ní ju mílílítà 16 àti ààbọ̀ lọ. Ohun tó kéré lójú yìí ju ìgò bíà kan lọ, ẹni tí kò bá sì mọ èyí lè ti mu bí ìgò mẹ́ta kí ó tó rò pé òun ti bẹ̀rẹ̀.

Bí òfin ṣe lé e jáde, tó sì tún gbà á padà

Ìlú Couvet, ní àfonífojì Val-de-Travers ní Switzerland, ni absinthe ti ṣẹ̀ wá, nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún ń parí lọ. Oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ kà á sí. Ní 1797, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Major Dubied ra ìlànà bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n, Henry-Louis Pernod tó jẹ́ ọkọ ọmọ rẹ̀ sì gbé iṣẹ́ náà sọdá ẹnubodè lọ sí Pontarlier ní ilẹ̀ Faransé ní 1805. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé ń jagun ní Algeria, wọ́n ń fún wọn ní absinthe kí ibà má bàa mú wọn, nígbà tí wọ́n sì fi padà sílé, ó ti mọ́ wọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni kòkòrò phylloxera ya bo ọgbà àjàrà ilẹ̀ Faransé, wáìnì wá wọ́n bí ojú, àwọn tálákà àti olówó sì jọ yíjú sí absinthe. Nígbà tó fi máa di 1910, nǹkan bíi lítà mílíọ̀nù 36 ni wọ́n ń mu lọ́dún ní orílẹ̀-èdè náà.

Ohun tó bá ń tà báyẹn kì í pẹ́ tí ayédèrú fi ń bá a wọjà. Àwọn kan ń po òróró mọ́ ọtí tí kò mọ́, wọ́n ń fi èròjà tó ti ara bàbà wá sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé, wọ́n sì ń fi èròjà antimony sí i kó lè ṣú bí absinthe gidi nígbà tí omi bá kàn án. Májèlé ni méjèèjì. Ní àkókò kan náà, Dókítà Valentin Magnan ní Paris ń fi òróró wormwood pọ́ńbélé dán àwọn ẹranko wò, gìrì mú wọn, ó sì kéde pé àìsàn tí absinthe ń fà yàtọ̀ sí ti ọtí yòókù. Ṣùgbọ́n òróró pọ́ńbélé àti ohun tí èèyàn ń mu nínú ife jìnnà síra wọn gan-an, ọ̀pọ̀ lára àwọn tí Magnan rí nílé ìwòsàn sì jẹ́ ẹni tí ọtí lápapọ̀ ti bà jẹ́.

Ohun tó wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1905, ní abúlé Commugny ní Switzerland. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jean Lanfray yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀ tó wà nínú oyún, ó sì pa àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ló ti ń mutí: ó mu wáìnì púpọ̀, ó mu brandy, ó mu ọtí mint, ó sì mu ife absinthe méjì. Ife méjì yẹn nìkan ni aráyé rántí. Èèyàn tó lé ní 80,000 fọwọ́ sí ìwé pé kí ìjọba fòfin dè é, àwọn ará Switzerland dìbò lé e lórí ní oṣù Keje ọdún 1908, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1910. Netherlands ti fòfin dè é ní 1909, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 1912, ilẹ̀ Faransé sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1915. N kò dá àwọn tó fọwọ́ sí ìwé náà lẹ́bi, torí pé obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú, àánú ló sì mú wọn ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀bi gbogbo wáìnì àti brandy ọjọ́ yẹn ni wọ́n dì lé absinthe lórí, àwọn ọkùnrin tó ń mu ìyókù sì ń bá tiwọn lọ láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti fòfin dè é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, wọ́n sì ń pọn ọ́n nìṣó ní Sípéènì. Ní Val-de-Travers fúnra rẹ̀, àwọn èèyàn ń pọn ọ́n ní bòókẹ́lẹ́ nínú ilé ìdáná àti ìsàlẹ̀ ilé fún nǹkan bí ọdún 95. Èyí tó funfun ni wọ́n ń ṣe, torí pé kò yàtọ̀ sí ọtí funfun mìíràn lójú ọlọ́pàá, wọ́n sì ń pè é ní la Bleue. Ilé tí wọ́n ti ń dá irú àwọn apọntí bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ ní ìlú Môtiers ti di ilé àfihàn ìtàn absinthe báyìí. Switzerland gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2005. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á wọlé ní 2007. Ilẹ̀ Faransé ti ń gbà kí wọ́n tà á lábẹ́ orúkọ mìíràn láti 1988, ṣùgbọ́n ó di 2011 kí wọ́n tó fagi lé òfin 1915 pátápátá.

Ọ̀rọ̀ thujone

Thujone ni orúkọ èròjà inú wormwood tí wọ́n ti fẹ̀sùn ìran rírí kàn láti ìgbà pípẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọpọlọ ti hàn kedere báyìí. Ọpọlọ ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní GABA, tó ń ṣiṣẹ́ bíi bíréèkì, tó ń mú kí iṣan ọpọlọ fara balẹ̀. Thujone máa ń dí bíréèkì yìí lọ́wọ́. Torí náà, bí ó bá pọ̀ lára èèyàn, gìrì ló ń fà, kì í ṣe ìran. Àwọn kan ti rò tẹ́lẹ̀ rí pé ó ń ṣiṣẹ́ bí igbó, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n rẹ̀ nínú ife ló yẹ ká bi ara wa. Òfin àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí thujone inú ọtí tí wọ́n fi wormwood ṣe ju mílígíráàmù 35 nínú kílò kan lọ. Mílílítà 30 absinthe wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 27, torí náà, bí ìgò náà bá tiẹ̀ dé góńgó tí òfin gbà, thujone inú ife kan kò tó mílígíráàmù kan. Ẹni tó bá fẹ́ mu absinthe títí tí thujone rẹ̀ á fi ṣe é ní nǹkan, alcohol á ti dá a dùbúlẹ̀ tipẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó ti pa á. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní absinthe ayé àtijọ́ yàtọ̀, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2008 dáhùn ìyẹn: wọ́n ṣí ìgò 13 tí wọ́n ti pọn kí òfin tó dé, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, thujone inú wọn sì jẹ́ mílígíráàmù 25 àti díẹ̀ nínú lítà kan ní ìpíndọ́gba. Absinthe tí àwọn ayàwòrán àti akéwì Paris ń mu kò ní ohun àràmàǹdà kankan nínú.

Ṣùgbọ́n òróró wormwood, èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré fún òórùn, jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ní 1997, ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine sọ ìtàn ọkùnrin ẹni ọdún 31 kan tó kà nípa absinthe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ra òróró náà láti ibẹ̀, tó sì mu nǹkan bíi mílílítà 10 rẹ̀ torí ó rò pé absinthe ni. Bàbá rẹ̀ ló bá a nílé, ara rẹ̀ kò balẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́. Gìrì mú un, iṣan ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wó, kíndìnrín rẹ̀ sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n ohun tó kó o sí wàhálà yẹn kò ju ṣíbí kékeré méjì lọ. Ẹ má ṣe mu òróró wormwood, ẹ má sì fi kán ọtí yòówù kó jẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Kí ẹ tó yọ owó, ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ wà. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà, bíi Kuwait àti Libya, tí kò gba ọtí kankan láyè, absinthe kò sì lè yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ orí tí òfin gbà kí èèyàn ra ọtí náà kò dọ́gba: ọdún 21 ni ní Amẹ́ríkà, ọdún 18 ni ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Amẹ́ríkà tún ní òfin tirẹ̀ lórí thujone: bí kò bá tó mílígíráàmù 10 nínú kílò kan, wọ́n kà á sí pé kò sí níbẹ̀, bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọ́dọ̀ wọlé. Èyí ló fà á tí ìgò tó bófin mu ní Yúróòpù fi lè di ẹrù òfin lọ́wọ́ arìnrìn-àjò tó bá balẹ̀ sí Amẹ́ríkà. Wọn kò tún gbà kí ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán ara ìgò máa dọ́gbọ́n sọ pé ọtí náà ń mú ìran wá, mo sì gbà pé òfin yẹn dára.

Ẹni tó fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú ní láti ka nọ́ńbà ara ìgò dáadáa. Ọtí tó bá ju ìdá 70 nínú 100 lọ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀ òfuurufú rárá, ì báà jẹ́ nínú àpò ọwọ́ tàbí nínú ẹrù tó ń lọ sí ìsàlẹ̀, nítorí iná. Èyí tó wà láàárín ìdá 24 sí ìdá 70 kò gbọ́dọ̀ ju lítà márùn-ún lọ fún ẹnì kan, ìgò rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà nígbà tí wọ́n tà á, láìtíì ṣí. Absinthe tó jẹ́ ìdá 72 wà lọ́jà dáadáa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti fi tiwọn sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú torí ìdá méjì péré.

Ní ti ìgò fúnra rẹ̀, ìwé ara rẹ̀ á sọ púpọ̀ fún yín. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ ìpọntí sí, orílẹ̀-èdè tó ti wá, bó ṣe le tó, àti àwọn ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n fi aró sí i, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ bá ń tàn yanran bí aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì, ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa àwọ̀ ewé tútù. Ìgò tó ń fọ́nnu pé thujone òun pọ̀ ń ta ìtàn fún yín ni, kì í ta ọtí. Ẹ óò tún rí àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn láìsí lẹ́tà e ní ìparí, ìyẹn absinth. Irú èyí tó ti ilẹ̀ Czech wá ló sábà máa ń jẹ́, anise inú rẹ̀ kì í pọ̀, bí ẹ bá sì bomi sí i, kì í sábà ṣú. Kò burú bí ẹnì kan bá fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nísàlẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ má ra èyí tí kò ní ìwé lára, tí ọmọrí rẹ̀ ti ṣí, tàbí tí ẹnì kan ní òun pọn nínú ilé òun. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè jẹ́ kí methanol, ìyẹn oríṣi alcohol kan tó jẹ́ májèlé, wà nínú ọtí, oníjìbìtì sì lè mọ̀ọ́mọ̀ dà á sí i torí pé kò wọ́n. Methanol ń fọ́ni lójú, ó sì ń pani, kò sí bí ẹnu ṣe lè tọ́ ọ wò kó mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Pípọn ọtí líle nínú ilé láìgba ìwé àṣẹ lòdì sí òfin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pẹ̀lú.

Bí a ṣe ń bomi là á

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: gíláàsì kan tó ní ikùn díẹ̀, omi tó tutù nini, àti ohun tí ẹ lè fi kán omi náà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣúgà, ẹ wá hóró kan àti ṣíbí pẹlẹbẹ oníhò. Ẹ wọn absinthe mílílítà 30 sínú gíláàsì, kí ẹ sì fi ìwọ̀n wọ̀n ọ́n ní tòótọ́, torí pé ojú kì í mọ ọtí ìdá 68 wọ̀n. Ẹ gbé ṣíbí náà dábùú ẹnu gíláàsì, ẹ gbé hóró ṣúgà lé e, kí ẹ wá máa kán omi sórí rẹ̀ ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ṣúgà kì í ṣe dandan. Absinthe tí wọ́n fara balẹ̀ pọn ti ní adùn anise tirẹ̀. Ní tèmi, n kì í fi ṣúgà sí èyí tó funfun rárá.

Ẹ má kánjú, torí pé ibí yìí gan-an ni ọtí náà ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ á wọlé bíi pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tó bá yá, ẹ gbé gíláàsì sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ óò rí ohun kan tó ń lọ́ nínú rẹ̀ bí òwú tẹ́ẹ́rẹ́, bí ooru ṣe máa ń gbọ̀n lójú ọ̀dà ní ọ̀sán gangan. Ìsàlẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí ìkùukùu, ìkùukùu náà á máa gòkè, títí tí á fi ku ìlà aláwọ̀ ewé tín-ín-rín kan lókè pátápátá. Nígbà tí ìlà yẹn bá parẹ́, gbogbo inú gíláàsì á ti dà bíi wàrà tí àwọ̀ ewé díẹ̀ wà lára rẹ̀. Imú náà á mọ̀ ọ́n: kí omi tó wọ̀ ọ́, líle ọtí ló ń ta ni nímú, ṣùgbọ́n nísinsìnyí, òórùn anise á kọ́kọ́ jáde, òórùn ewé tútù á sì tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí koríko.

Òróró anise tí wọ́n ń pè ní anethole ló fà á. Ó ń yọ́ nínú alcohol, ṣùgbọ́n kì í yọ́ nínú omi. Bí omi bá ṣe ń pọ̀ sí i, agbára alcohol láti dì í mú ń dín kù, òróró náà á sì fọ́n jáde ní ẹ̀kán tó kéré débi pé ojú kò lè rí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kọlù wọ́n. Bí ẹ bá da omi gbuu sí i lẹ́ẹ̀kan náà, á ṣú o, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí nǹkan kan nínú ohun tí mo sọ yìí, òórùn rẹ̀ kì í sì í ṣí dáadáa bẹ́ẹ̀.

Ìwọ̀n omi tó bá a mu jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta sí ìlọ́po márùn-ún absinthe. Bí ẹ bá fi omi mílílítà 120 sí mílílítà 30 tó jẹ́ ìdá 68, ohun tó wà lọ́wọ́ yín á jẹ́ mílílítà 150 tó tó ìdá 13 àti ààbọ̀ nínú 100, ìyẹn líle wáìnì. Ọ̀fun yín kò ní jó, ẹ ó sì lè fi bí ìdajì wákàtí mu ún. Ṣùgbọ́n omi kò yọ alcohol kankan kúrò, ó kàn tẹ́ ẹ fẹ̀ ni. Mílílítà 20 tí a ṣírò lókè ṣì wà níbẹ̀ pé pérépéré, ifẹ́ tí ẹnu bá sì ní sí adùn rẹ̀ lè mú kéèyàn gbàgbé.

Ẹ má ṣe tiná bọ ṣúgà. Àṣà yẹn kò sí ní Paris ayé ìgbà náà. Ilẹ̀ Czech ni ó ti jáde ní àwọn ọdún 1990, láti fi fa ojú àwọn oníbàárà mọ́ra. Iná ọtí kì í sábà hàn níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, gíláàsì lè là, ṣúgà tó ń jó lè já sínú ọtí tó le tó bẹ́ẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ gbiná, ẹni tó bá sì gbé e sẹ́nu kí iná náà tó kú á fi ètè jóná. Ó tún ń ba adùn jẹ́: ṣúgà tó jóná ló máa ń borí gbogbo ohun tí wọ́n fi ewé yẹn ṣe. Bákan náà, mímu ún láìbomi là á ń jó ọ̀fun àti ikùn, anise inú rẹ̀ kì í sì í ráyè sọ̀rọ̀.

Bí èèyàn bá bi mí léèrè ohun tó fà á tí ọtí yìí fi ń wu àwọn èèyàn, sùúrù yìí ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Degas tó jẹ́ ayàwòrán ya obìnrin kan tó jókòó ti gíláàsì absinthe ní nǹkan bí 1876, Picasso sì fi idẹ ṣe gíláàsì rẹ̀ ní 1914, pẹ̀lú ṣíbí gidi lórí rẹ̀. Ọtí mìíràn wà tó dùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n èmi kò mọ èyí tó ń jókòó ti ẹni tó fẹ́ mu ún báyìí, tó ń ní kó dúró, kó wò, kó gbóòórùn kó tó fẹnu kàn án.

Ìwọ̀n, àti àwọn tí kò gbọ́dọ̀ mu ún

Ẹ jẹun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé omi lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ife kan tó fún ìrọ̀lẹ́ kan. Bí ẹ bá mu èkejì, ẹ ti mu ju ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní díẹ̀ lọ. Ẹ má pò ó mọ́ ohun mímu tó ń lé oorun lọ, torí pé kì í jẹ́ kí ara mọ̀ pé òun ti yó. Ẹni tó bá máa wakọ̀ kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Aboyún kò gbọ́dọ̀ mu ún, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, ọmọ tí kò tíì dàgbà tó, ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dá, àti ẹni tó ti bá ọtí jà rí kó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní wárápá ní ìdí méjì láti yẹra: alcohol lè fa gìrì, thujone náà sì ní irú ìṣe bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Ẹni tó ń lo oògùn oorun, oògùn ìrora líle tàbí metronidazole, ìyẹn oògùn kan tó ń pa kòkòrò àrùn, gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà tàbí apoògùn kó tó dá a láṣà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ ọ́ ní 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè sọ pé kò léwu fún ìlera. Alcohol wà lára àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, absinthe kò sì yàtọ̀ sí bíà tàbí wáìnì nínú èyí.

Bí ẹnì kan bá mu ún ju agbára rẹ̀ lọ, tí ẹ pè é tí kò dáhùn, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀ tàbí tó ń já, tí ara rẹ̀ tutù, tí ètè rẹ̀ sì ń dà bí aró, ẹ má sọ pé kó sùn ún kúrò lójú. Ẹ pe àwọn onítọ̀ọ́jú pàjáwìrì kíákíá, ẹ yí i dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí èébì má bàa dí i lọ́fun, kí ẹnì kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀ títí wọn á fi dé. Kọfí kò lè là á lójú, omi tútù tí wọ́n ń dà sára kò sì wúlò, ó tiẹ̀ lè ṣe é léṣe. Bí ojú bá ń ṣe bàìbàì fún ẹni tó mu ọtí tí kò ní ìwé lára, ẹ sọ ọ́ fún dókítà ní kété tí ẹ bá débẹ̀, torí pé methanol ní oògùn tirẹ̀, àkókò tí oògùn náà lè ṣiṣẹ́ kì í sì í pẹ́.

Ní ti ìgò tó bá ṣẹ́kù, ẹ dé e dáadáa, ẹ gbé e síbi tí oòrùn kò dé, jìnnà sí ààrò àti iná, lókè ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì. Bí òtútù bá mú un jù, anethole inú rẹ̀ lè dì, ẹ óò sì rí ohun funfun wínníwínní nísàlẹ̀ ìgò bíi pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá. Ẹ gbé e síta kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ rọra yí ìgò náà lọ́wọ́, á sì tún yọ́ padà.